Omi Ló Fẹ́rẹ̀ẹ́ Jẹ Owó Ilé Mi Tán

Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tó gba owó lọ́wọ́ mi jù nínú ilé olójúlé mẹ́rin tí mo fi ń gbowó ilé ní Ìbàdàn, ẹ ó rò pé sìmẹ́ńtì ni màá dárúkọ, tàbí irin, tàbí páànù. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀. Omi ni. Omi tó ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀, omi tó ń jò láti òkè, omi tó fara pamọ́ sínú páìpù, àti omi tí kò sí nígbà tí ayálégbé ń wá a. Ọ̀pọ̀ owó tí mo rò pé mo ti dá sí, omi ló padà wá gbà á, ó sì gba èlé lé e.

Tíṣà ni mí. Láti 1996 ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama ti ìjọba, ó sì ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì. Mo rí àwọn tó ṣáájú mi, àwọn tó kọ́ èmi gan-an níṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ nítorí owó ìfẹ̀yìntì wọn títí ẹsẹ̀ fi wú. Mo sọ fún ara mi pé mi ò ní fi ojú sọ́nà fún ìwé kan ṣoṣo. Ní 2009 mo wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́. Wọ́n ń yọ owó náà nínú owó oṣù kí n tó rí i sójú rárá, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó ṣeé ṣe, torí owó tó bá ti kan ọwọ́ mi, àwọn ọmọ ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Nígbà tó fi máa di 2013, mo ti lè yá ìlọ́po méjì ohun tí mo fi pamọ́. Ilẹ̀ ló kù.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ajẹ́ǹtì kan mú mi lọ sí ọ̀nà Apẹ̀tẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ, koríko ti pọ́n, ibẹ̀ tẹ́jú bí ẹní. Iye tí wọ́n ń pè é kò ju ìdá méjì nínú mẹ́ta iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ tó wà lókè díẹ̀ sí i. Mo ti ń ṣírò ohun tí màá fi owó tó kù ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó tẹ̀ lé mi lọ kò sọ̀rọ̀ títí a fi rìn yí ilẹ̀ náà ká tán, ó wá ní, "Má tíì sanwó. Jẹ́ ká bi ẹni tó ń sùn níbí."

Ìyá àgbà kan ń yan gààrí lẹ́yìn ilé kejì. Mo kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ iwájú yẹn fún àbúrò mi." Màmá ò dáhùn. Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó mú wa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ ga tó àyà mi. Ìlà kan gba ibẹ̀ kọjá láti igun dé igun. Òkè rẹ̀ funfun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí ẹrẹ̀ tó gbẹ. "Ibí lomi dé lọ́dún tí afárá lọ," ló wí. "Àwọn ọmọ mi ní àwọn á fi ọ̀dà kùn ún. Mo ní rárá, kí ẹ máa rí i."

Afárá Apẹ̀tẹ̀ ló ń sọ, èyí tí òjò 26 oṣù Kẹjọ 2011 wó lọ. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rán mi létí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí odò Ògùnpa ya ní 1980, mo sì ṣì rántí ariwo tó gba ìgboro kan lọ́jọ́ kejì, tí àwọn èèyàn ń wá ọmọ wọn. Omíyalé la máa ń pè é nílé wa títí di òní. Síbẹ̀, ọyẹ́ àti owó tó rọjú ti fẹ́ bò mí lójú. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá, mo ra gààrí kóńgò mẹ́ta, a sì lọ. Mi ò fi ẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ yẹn mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n sin òun lọ wo ilẹ̀, ọjọ́ kejì òjò ńlá ni mo máa ń dá fún un. Ara ògiri àwọn ará ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kí n tó wo ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń yan gààrí lẹ́yìn ilé kò ní kọ́míṣọ̀n tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ tí mo padà rà ní oṣù Keje 2014, orí òkè ló wà, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, àpáta sì wà nínú rẹ̀, ìyẹn yóò tún padà wá bá mi fínra níwájú. Ṣùgbọ́n owó tí mo fi wádìí rẹ̀ kò dùn mí rí. Sọfẹ́yọ̀ gbé ìwọ̀n ilẹ̀ náà lọ sí Sẹkitéríàtì ní Agodi láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gbà á tẹ́lẹ̀, nítorí láti ìgbà òfin ilẹ̀ 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, a sì lè máa kọ́lé sórí ibi tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún títì láìmọ̀. Lọ́yà tún fi dandan lé e pé kí mọ́gàjí ẹbí tó ń ta ilẹ̀ fọwọ́ síwèé, òun àti àwọn àgbà ẹbí. Àwọn ọ̀dọ́ tó mú wa lọ ti ní kò pọn dandan, pé bàbá ti darúgbó, pé àwọn ló ń ṣe é. Lọ́yà ní tí olórí ẹbí ò bá sí níbẹ̀, títà yẹn ò dúró rárá lójú òfin, à ń ra ẹjọ́ ni. A lọ bá bàbá nílé. Ó tẹ̀ka. Ó tún gbàdúrà fún mi.

Kí n tó sọ ti ìpìlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti búlọ́ọ̀kù, torí ibẹ̀ ni mo ti rí owó dá sí ní tòótọ́. Mi ò ní owó tí màá fi kọ́ ilé lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí mo ṣe ni pé gbogbo oṣù tí owó bá wọlé, búlọ́ọ̀kù ni mo fi ń rà, ọgọ́rùn-ún lóṣù yìí, àádọ́jọ lóṣù tó ń bọ̀, mò ń tò ó sórí ilẹ̀. Wọ́n bú mi pé mò ń fi owó sínú òjò. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù kì í bàjẹ́ nínú òjò, ńṣe ló ń le sí i. Sìmẹ́ńtì ni kò ṣeé kó pamọ́. Bó bá fi lè pẹ́ tó oṣù mẹ́ta nílẹ̀, agbára rẹ̀ ti ń lọ, ẹ ó sì máa fi ọwọ́ fọ́ kókó inú àpò. Irin náà ṣeé rà sílẹ̀ tí ẹ bá bò ó dáadáa. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí: nígbà tí mò ń kọ́lé, àpò sìmẹ́ńtì kan kò tó ₦2,000. Ní oṣù Kejì 2024, ó kọjá ₦10,000 ní ibi púpọ̀. Ẹni tó fi náírà pamọ́ sí báǹkì láti fi kọ́lé lọ́jọ́ iwájú, kò ní bá ilé kan náà níbẹ̀ mọ́.

Mi ò kàn ra búlọ́ọ̀kù lójú títì. Mo gba ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù wá sórí ilẹ̀ mi, mo ń ra sìmẹ́ńtì àti iyanrìn fúnra mi, mo sì ń san owó iṣẹ́ fún un. Àpò kan, búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́sàn-án 30 sí 35, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan níta ń mọ 45 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àpò kan. Ẹ gbé e sókè dé orúnkún kí ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ ó rí ohun tí ẹ rà. Iyanrìn náà, mo ní ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò. Ẹ da ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ fi omi kún un, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn á sùn sísàlẹ̀, amọ̀ á tẹ́ lé e lórí bí ọ̀rá ọbẹ̀. Tí amọ̀ yẹn bá nípọn, mo máa ń dá típà náà padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá a padà, awakọ̀ bínú gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kẹta ó gbé iyanrìn odò gidi wá.

Ìpìlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2015. Ilé ìwé ni mo máa ń wà títí di aago méjì, tí mo bá fi máa dé orí ilẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti ń parí lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ da jámánì fúlọ́ọ̀, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n ń dà bo gbogbo ìpìlẹ̀ kí ògiri tó gòkè, bíríkìlà mi pè mí lásìkò ìsinmi àwọn ọmọ. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Náílọ́ọ̀nù dámúpúrúùfù tó wà nínú ìwé yẹn, ṣé ẹ ṣì fẹ́ rà á? Orí òkè la wà o. Omi wo ló fẹ́ débí? Ẹ jẹ́ ká fi owó rẹ̀ kún ti sìmẹ́ńtì."

₦12,000 ni owó náílọ́ọ̀nù náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Ṣé kì í ṣe nítorí omi náà ni mo ṣe lọ ra ilẹ̀ òkè tó wọ́n? Mo ní kí wọ́n máa dà á lọ. Mi ò fi gbogbo ẹ̀bi rù ú, torí ó béèrè lọ́wọ́ mi, èmi ni mo sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé kò dìgbà tí omi bá ń ṣàn kó tó ba ògiri jẹ́. Ilẹ̀ tó tutù lásán ti tó. Búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré ní ihò tínńtínní nínú, wọ́n ń fa ọ̀rinrin gòkè láti inú ilẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Náílọ́ọ̀nù yẹn ló yẹ kó dínà fún un.

Ọdún àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, ọmọbìnrin tó ń ránṣọ ní ojúlé kejì pè mí. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ráyè, ẹ yà wá wo nǹkan kan nínú yàrá." Kí n tó dé, ó ti fa bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò lára ògiri. Láti ilẹ̀ dé orúnkún, ọ̀dà ti wú, ó ń hó bí èèpo iṣu tó jinná. Mo fi ọwọ́ kan án, ó já sílẹ̀, abẹ́ rẹ̀ tutù, nǹkan funfun kan sì hù jáde bí iyọ̀. Òórùn yàrá náà dà bí ti àpótí tí wọn ò ṣí fún ọdún kan. Ó wá ṣí àpótí aṣọ rẹ̀. Léèsì tí oníbàárà kan gbé wá fún un láti rán fún ìgbéyàwó ti bu dúdú létí. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní, "Mummy, wọ́n ní kí n san án." Mo bá a san ìdajì léèsì náà lọ́jọ́ yẹn, ojú sì tì mí.

Mo ní kí wọ́n ha ògiri, kí wọ́n tún un kùn: ₦35,000. Ọdún 2019, ó padà wá, mo tún san ₦35,000. Ọdún 2020 bákan náà. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ ẹnjiníà sọ òótọ́ fún mi, pé ọ̀dà ni mò ń fi bo egbò. Ní 2021, wọ́n gé gbogbo sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri kúrò dé ìbàdí, nínú àti níta, wọ́n jẹ́ kí ògiri gbẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì tí wọ́n po mọ́ oògùn tí kì í jẹ́ kí omi wọlé rẹ́ ẹ padà. ₦280,000. Ẹ bá mi kà á pọ̀: ₦385,000 ni mo fi san ₦12,000 tí mo dá sí, láìka léèsì. Kò tún padà sí bó ṣe yẹ kó rí, igun kan ṣì ń tutù ní oṣù Kẹsàn-án.

Ti òkè ilé, mo dúpẹ́, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́n díẹ̀. Páànù aluminíọ̀mù tó nípọn mìlímítà 0.55 ni mo rà dípò 0.45, ó sì dùn mí lápò lọ́jọ́ tí mo san án. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí mo lọ, wọ́n kọ 0.55 sára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà mú irin ìwọ̀n kékeré kan jáde nínú àpò rẹ̀, kò tó bẹ́ẹ̀. A kúrò níbẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe mí lóore jù ni àdéhùn tí mo bá kápẹ́ńtà ṣe. Mo sọ fún un pé ìdá kan nínú márùn-ún owó iṣẹ́ rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ mi títí òjò ńlá kan yóò fi rọ̀ sórí òrùlé náà. Ó kọ́kọ́ ní òun ò ṣe irú rẹ̀ rí. Mo ní òjò ò ní pẹ́. Nígbà tí ó sì rọ̀, ojú kan jò ní ojúlé kẹrin: wọ́n kan ìṣó sí kòtò páànù, níbi tí omi ń gbà, dípò orí rẹ̀ tó ga. Mi ò pè é lẹ́ẹ̀mejì tó fi dé pẹ̀lú àkàbà. Ká ní mo ti san gbogbo owó rẹ̀ ni, ṣé yóò gbé fóònù?

Páìpù ńkọ́? Ẹni tó ya pílánù fún mi fi balùwẹ̀ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé. Mo wò ó, mo ní kí ló dé tí omi fi máa rìn yí gbogbo ilé ká? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kó balùwẹ̀ àti ilé ìdáná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sáàárín, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Páìpù tí púlọ́ńbà kọ sílẹ̀ dín ju ìdajì lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìdọ̀tí sì ń gbà lọ sí sókàwéè. Ìlà pẹ́ńsùlù lórí bébà ni, kò ná mi ní kọ́bọ̀. Ìwọ̀nyí làwọn ibi tí owó wà láti dá sí. Mi ò ṣe sílìńgì olówó ńlá, mi ò fi táìsì sí pálọ̀ nígbà náà, àwọ̀ ọ̀dà kan ṣoṣo ni mo fi kun gbogbo ilé kí n lè ra garawa ńlá. Kò sí ayálégbé kan tó tìtorí ìyẹn kó jáde.

Omi ló lé wọn jáde.

Oṣù Kẹjọ 2016 la gbẹ́ bọ́hóòlù. Òjò ti kún ilẹ̀, omi tú jáde lọ́jọ́ náà, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti sọ fún mi pé kí n kọ́kọ́ pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀, ₦30,000 ni wọ́n ń gbà, mo ní omi rèé tó ń tú jáde, kí ni mo tún ń wá? Gbogbo owó bọ́hóòlù náà jẹ́ ₦320,000. Nígbà tó di oṣù Kejì 2017, ẹ̀rọ ń kùn, atẹ́gùn ló ń fà. Abẹ́ Ìbàdàn, àpáta ni. Omi wà nínú ilẹ̀ tó ti rọ̀ lórí àpáta yẹn, àti nínú àwọn ojú ibi tí àpáta ti là. Lórí òkè bíi tiwa, ilẹ̀ tó rọ̀ náà kò jìn, ẹ̀ẹ̀rùn ti fa á gbẹ. Àwọn ayálégbé mi bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Mo rí ìyá ọlọ́mọ kékeré kan ní ojúlé kìíní tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì gun òkè, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Kò burú, Mà," ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún rẹ̀ pé, ó kó lọ, ojúlé kẹta náà sì tẹ̀ lé e.

Oṣù Kẹta ọdún yẹn, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ jù, mo ní kí wọ́n wá fi ẹ̀rọ wo ilẹ̀ náà. Ibi tí wọ́n tọ́ka sí kò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ sí ti àkọ́kọ́, nítòsí igun òkè ilẹ̀, ó sì jìnnà sí sókàwéè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n gbẹ́ ẹ wọ inú àpáta, ₦450,000. Omi tó jáde lóṣù Kẹta, ó dájú pé yóò wà lóṣù Kẹwàá. Ó ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbẹ́ kànga tàbí bọ́hóòlù, ẹ má ṣe é nígbà òjò. Ẹni tó bá ní kí ẹ yára kí òjò tó lọ, owó tirẹ̀ ló ń ronú sí.

Mo ti ń ronú nígbà kan pé owó ilé tí mo bá fi kún ni èrè mi. Ní 2022, mo sọ ojúlé kẹrin di ₦200,000 lọ́dún, láti ₦150,000. Ayálégbé ibẹ̀, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó ti ń san owó rẹ̀ lọ́jọ́ tó pé fún ọdún márùn-ún, bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó jẹ́ ₦170,000. Mi ò gbà. Ó kó jáde. Oṣù márùn-ún ni ibẹ̀ fi ṣófo: ₦62,500 nìyẹn tí n bá ṣírò rẹ̀ lórí owó àtijọ́. Mo fi ₦40,000 tún un ṣe kí ẹlòmíì lè wọlé. Àfikún tí mò ń lé jẹ́ ₦50,000, ohun tó bọ́ lọ́wọ́ mi jẹ́ ₦102,500, ẹni tuntun náà sì fi oṣù mẹ́rin jẹ mí ní gbèsè lọ́dún kejì. Inú bí mi dé ibi pé mo fẹ́ yọ ilẹ̀kùn. Lọ́yà ní kí n má dán an wò. Ẹni tó ń san owó ọdọọdún, bí ìwé àdéhùn ò bá sọ ohun mìíràn, oṣù mẹ́fà ni ìfilọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ìwé ọlọ́jọ́ méje, lẹ́yìn náà kóòtù. Mo ti máa ń fi ẹnu lásán gba ayálégbé tẹ́lẹ̀. Báyìí, ìwé wà, ìfilọ̀ oṣù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì ní mítà iná tirẹ̀. Ẹ̀rọ omi náà ní tirẹ̀, wọ́n jọ ń dá owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ariwo tó ń wà lórí ta ló lo iná jù ti parẹ́.

Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé tó bá wọlé, mi ò fọwọ́ kàn án. Ti omi ni. Oṣù Kẹta, kí òjò tó dé, mo máa ń mú ẹnìkan gun òrùlé, a wo ìṣó àti gọ́tà, a kó ewé kúrò. Oṣù Kọkànlá, a ṣí sókàwéè wò. Mo tún ra omi ìgò fún àwọn ọmọ iṣẹ́, torí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ máa ń yára sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé.

Ní oṣù Kìíní 2025, mo bẹ̀rẹ̀ ojúlé méjì míì lẹ́yìn, lórí ilẹ̀ tó kù. Bíríkìlà mìíràn ni, ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ da jámánì fúlọ́ọ̀, mo dé ibẹ̀ kí lébìrà àkọ́kọ́ tó dé. Wọ́n tẹ́ náílọ́ọ̀nù náà, dúdú, ó nípọn, ó ń dán nínú oòrùn. Níbi tí méjì ti pàdé, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì dáadáa, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ọmọ náà ní, "Màmá, a ti ṣe é." Mo ní mo mọ̀. Mo bọ́ bàtà mi sílẹ̀, mo rọra tẹ̀ ẹ́ láti igun dé igun, mò ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ibi tí òkúta ti lu. Mo rí méjì. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ níṣojú mi, ni mo tó ní kí wọ́n po kọnkéré.